Ọmọ Ta Ló Kọ Ọ́?

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn aládùn ni mo jókòó láti sọ. Nínú ilé, "ẹ" ni mo fi ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, "wọ́n" ni mo sì ń pè é níta. Ṣùgbọ́n tí inú bá ń bí mi, gbogbo èèyàn ló ń di "ó" lẹ́nu mi, àti ọkọ mi, àti Alhaji tí ẹ máa gbọ́ nípa ẹ̀. Ẹ fara dà á.

Morónkẹ́ lorúkọ mi. Missouri City là ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston níbí, mo sì ń ṣe daycare, mo ń bá àwọn òbí tọ́jú ọmọ, nínú ilé mi. Làtífù lọkọ mi, Bàbá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ẹnjiníà ni, ilé iṣẹ́ epo ló ń bá ṣiṣẹ́. Yunifásítì kan ní àdúgbò Third Ward ló ti kàwé, nígbà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mọ́tò tó ní. Ọkùnrin dáadáa ni, àmọ́ ó ní ìbéèrè kan tó ń bi gbogbo ayé: "Ọmọ ta ni?" Bí wọ́n bá fẹ́ wá tún páìpù ilé ìdáná ṣe, ọmọ ta lẹni tó ń bọ̀? Bí dókítà bá ní kó dín iyọ̀ kù, ọmọ ta ni dókítà yẹn, ará ibo ni? Bí kò bá ti mọ bàbá ẹ, ọ̀rọ̀ ẹ ò lè wọ̀ ọ́ létí. Ìbéèrè yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ọmọ kan jẹ́, ọmọ mìíràn ló sì wá forí fá a. Ọmọ kejì yìí ni mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀. Abdulhafeez lorúkọ ẹ̀.

Ọmọ kékeré ni nígbà tí bàbá ẹ̀, Alhaji Táyéwò, kọ́kọ́ mú un wá sí daycare mi. Ìyá ẹ̀ ti kó lọ sí Atlanta, ó ti fẹ́ ọkọ mìíràn. Iṣẹ́ Alhaji ni kó máa bá àwọn èèyàn wa wá ilé tí wọ́n máa rà, láti Missouri City títí dé Humble, kò ráyè ọmọ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Abdulhafeez. Kì í jà, kì í sunkún, ṣùgbọ́n kò ní jẹ ẹ̀bà. Mo fún un pẹ̀lú ilá, ó ní rárá. Mo fún un pẹ̀lú ẹ̀gúsí, ó ń wo ojú mi. Ọjọ́ kan ló dìde fúnra ẹ̀, ó ṣí fíríìjì, ó mú ketchup, ó dà á lé ẹ̀bà, ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Mo pariwo, "Yéè! Ta ló kọ́ ẹ ní eléyìí?" Ó ní, "Auntie, it's good, ẹ tọ́ ọ wò." Mo tọ́ ọ wò. Kò dáa rárá. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ mi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí àwọn méjèèjì fi dàgbà, gbogbo ilé wa ló sì mọ̀ pé oúnjẹ Abdulhafeez nìyẹn.

Ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ lórí, pàápàá ìṣirò, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ já fáfá. Kò sí kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó bàjẹ́ ní daycare mi tí kò tún ṣe. Nígbà tó parí high school, máàkì ẹ̀ ò gbé e dé yunifásítì tí bàbá ẹ̀ ń fẹ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ò le rárá. Community college wà níbí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Walmart, kò wọ́n, àwọn ọmọ wa tó gba ibẹ̀ kọjá ti di nọ́ọ̀sì, wọ́n ti di ẹnjiníà, wọ́n ti ra ilé.

Ṣùgbọ́n Alhaji ni alága àsàlátù wa. Ní gbogbo Sọ́ńdè, tí a bá ṣe àdúà tán, òun ló ń pe orúkọ àwọn ọmọ wa tó wà nílé ìwé, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn àti ohun tí wọ́n ń kọ́, kí gbogbo ilé lè ṣe àmín lé e lórí. Báwo ló ṣe máa wá pe tirẹ̀? "Abdulhafeez ọmọ Táyéwò, ní community college tó kọjú sí Walmart"? Ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n ní. Alhaji bá kó ọmọ lọ sí Canada.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni ibẹ̀ o! Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan báyìí lẹ́bàá Toronto. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kí n má baà máa polówó ọjà fún wọn. Àmọ́ ta ló mọ̀ ọ́n ní Houston? Kò sẹ́nì kankan. Canada nìkan la gbọ́. Láti ìgbà yẹn, Abdulhafeez ló di orúkọ àkọ́kọ́ tí Alhaji ń pè. "Ẹnjiníà Abdulhafeez ọmọ Táyéwò, ní Canada!" Ohùn ẹ̀ á lọ sókè tó bá dé Canada. Gbogbo wa á ṣe àmín, èmi náà á ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kàn wá rèé. Ọkọ mi ní àbúrò obìnrin kan ní Òṣogbo. Opó ni, Raheemat sì lọmọ kan ṣoṣo tó bí. Raheemat mọ̀wé débi pé ó ń bà mí lẹ́rù. A fẹ́ kó wá bá wa níbí, wọ́n ò fún un ní físà, a bá ní kó gba Canada lọ. Ìyá ẹ̀ ta ilẹ̀ tí ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀ fún wọn, ó fi owó náà ránṣẹ́ sí ọkọ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ibi tẹ́ ẹ bá ní kó lọ ló máa lọ." Kò sí ilẹ̀ mìíràn láti tà. Tí a bá ṣi ilé ìwé mú, tí ọmọ náà lọ gba ìwé ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, tí ìjọba ibẹ̀ ò sì fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, Òṣogbo ló ń padà sí lọ́wọ́ òfo, ilẹ̀ bàbá ẹ̀ á sì ti lọ. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀.

Bí àwọn ọmọ daycare bá sùn lọ́sàn-án, èmi á jókòó sórí àga wọn kékeré, màá máa ka ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ nípa ilé ìwé wọn ní Canada. Review ni wọ́n ń pè é. Mo kà á títí ojú mi fi là. Àwọn kan wà tí wọ́n ń yìn ín jù, ìràwọ̀ márùn-ún, "ilé ìwé tó dáa jù láyé," wọn ò sọ ohun kan pàtó, gbogbo wọn sì kọ ọ́ lọ́sẹ̀ kan náà. Irọ́ gbuu. Àwọn kan wà tí wọ́n fìdí rẹmi tí wọ́n wá ń bú tísà. Ẹnì kan fún ilé ìwé ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo torí pé òtútù mú un. Ní Canada! Ṣé Kánò ló rò pé òun ń lọ ni? Àwọn tí mò ń wá ni àwọn tó yìn ín tí wọ́n sì tún bú u, torí pé bí ẹni tó gbé ibì kan rí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Yunifásítì ńlá kan wà ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn ọmọ ní ibi ìkàwé ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́, àmọ́ ilé gbígbé ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn kan ń sùn nínú mọ́tò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kan wà tí wọ́n ní ó máa ń wá iṣẹ́ fún ọmọ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ohun tí Raheemat fẹ́ kọ́ ò sí níbẹ̀. Yunifásítì kékeré kan sì wà létí òkun, lápá ìlà oòrùn. Ọmọ kan tó pe ara ẹ̀ ní BlueMoose kọ ọ́ pé bọ́ọ̀sì ò tó, ìlú dákẹ́ jù, yìnyín máa ń dí ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n tísà mọ orúkọ òun, ọjọ́ tí òun ò sì lọ sí kíláàsì, wọ́n pe òun láti béèrè bóyá ara òun le. Mo ní, kò tán? Ibẹ̀ ni Raheemat ń lọ.

Bí ọkọ mi ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbé e fún un. Ó wọ awò ojú ẹ̀, ó kà á.

"Ta ni BlueMoose?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni."

"Ọmọ ta ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ jàre, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n mọ̀?"

"Ẹranko ló fi jórúkọ, Morónkẹ́. Ẹranko oníwo! Ẹni tí kò lè fi orúkọ bàbá ẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹ̀, kí ló fẹ́ sọ tí màá gbọ́? Ọmọ Alhaji Táyéwò wà ní Canada. Ẹni tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo mọ bàbá ẹ̀, mo mọ agbo ilé wọn ní Òṣogbo. Ẹni tá a mọ̀ là ń bi."

Mo pòṣé, mo wọ yàrá lọ.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àsàlátù parí, ọkọ mi fà mí lọ bá Alhaji níbi tó ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó ní, "Alhaji, kọ́lẹ́ẹ̀jì Abdulhafeez yẹn, ṣé ó dáa fún ọmọ àbúrò mi?" Inú Alhaji dùn débi pé ó gbé mọ́ínmọ́ín sílẹ̀. "Làtífù! Ó dáa ńkọ́? Ilé ìwé gidi ni." Ó fa fóònù yọ, ó fi fọ́tò kan hàn wá. Abdulhafeez ló dúró níwájú ilé ńlá kan báyìí, gíláàsì ni gbogbo ara ẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo ka ohun tí wọ́n kọ sókè ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Alhaji, public library ni wọ́n kọ síbí. Ilé ìkàwé ìlú nìyí."

Ó ní, "Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kàwé náà nìyẹn. Àbí inú ọjà lẹ fẹ́ kí wọ́n ti máa kàwé?"

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo tún béèrè bóyá ọmọ náà ń gbádùn. Alhaji ní, "Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, alhamdulillah ló ń sọ." Ta ni kì í sọ ọ́? Wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú wa lọ́dún tó kọjá, a lọ kí i ní ọsibítù, a ní báwo lara, ó ní alhamdulillah. Mo fẹ́ sọ ọ́, ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo gbé e mì.

A ò tíì kúrò lórí freeway tó fi sọ pé òun ti parí ọ̀rọ̀: ọ̀dọ̀ Abdulhafeez ni Raheemat ń lọ, òun á sì sanwó ìwọlé ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo bá a jà láti orí freeway títí dé garage ilé wa. Ó ní, "Ọmọ àbúrò mi ni, kì í ṣe ọmọ àbúrò tìẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ní Mọ́ńdè, bí àwọn ọmọ ṣe sùn, mo ṣí ojú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn fúnra mi. Ìràwọ̀ márùn-ún lókè, ìràwọ̀ márùn-ún láàárín, ariwo lásán. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Anonymous ni wọ́n kọ síbi orúkọ, ìyẹn ni pé ẹni náà ò fẹ́ ká mọ òun. Òyìnbó ló fi kọ ọ́. Ohun tó sọ rèé:

"Inú mall ni kíláàsì wa wà, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù. Engineering ni wọ́n pè é, fídíò la máa ń wò. Ìwé ẹ̀rí wọn ò lè gba àṣẹ iṣẹ́ fún àwọn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì ti gbowó kí wọ́n tó sọ fún wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún bí ọmọdé. Èmi ò lè kúrò, torí pé bàbá mi ń pe orúkọ mi níwájú àwọn èèyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gààrí àti ketchup ni mò ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá síbí."

Mo kà á dé ketchup, mo dìde. Ta ló tún wà lábẹ́ ọ̀run tó ń fi ketchup jẹ gààrí? Mo jáde sí garage kí n má baà jí àwọn ọmọ, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí n lè máa rí wọn, mo sì pè é.

"Auntie, ẹ káàsán. Ṣé dáadáa ni?"

"Abdulhafeez, kí lo jẹ lónìí?"

"Oúnjẹ."

"Oúnjẹ wo?"

Ó ní, "Ẹ ti rí i. Auntie, please, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. I will delete it now."

"O ò gbọdọ̀ pa á rẹ́! Kí ló dé tí o ò sọ fún bàbá ẹ láti ọjọ́ yìí?"

"Mo sọ fún wọn, Auntie. First semester ni mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti dárúkọ mi ní mọ́ṣáláṣí, kí n máa sọ alhamdulillah. Wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò níwájú ilé tó bá dáa."

Subuhanallahi! Alhaji mọ̀! Mo ti rò pé wọ́n tan òun náà ni. Mo ti ń ṣàánú ẹ̀ nínú mi, pé bó bá gbọ́, àyà ẹ̀ á já. Àṣé ó mọ̀. Ó mọ̀, ó jókòó ti mọ́ínmọ́ín, ó ń fi fọ́tò irọ́ hàn wá, ó ń fa ọmọ opó wọ inú kòtò tí ọmọ tirẹ̀ ti ń ké nínú ẹ̀. Torí kí ni? Torí àmín! Inú bí mi débi pé mo gbá taya mọ́tò mi nípàá, ẹsẹ̀ mi wú.

Abdulhafeez ń bẹ̀ mí, mo sì ṣèlérí fún un pé orúkọ ẹ̀ ò ní jáde lẹ́nu mi. Mo ti tọ́ ọmọ yẹn. Mi ò lè tà á.

Ìrọ̀lẹ́ dé, mo ka review náà sí ọkọ mi létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fo ibi tó ti sọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀, mo sì fo ketchup. Mo ní, "Mo mọ ẹni tó kọ ọ́. Òótọ́ ló sọ."

"Ọmọ ta ni?"

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Ṣé o rí i báyìí? Kò lórúkọ, kò ní bàbá. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní bàbá lo fẹ́ kí n gbà, kí n wá pe Alhaji lónírọ́?"

Ó ń ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín, ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún, ó sì ń ṣe mí bíi kí n ju àwo lu ògiri. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ilé mi gan-an lọjà náà, ọkọ mi ló sì ń rà á, owó ilẹ̀ opó ló fẹ́ fi rà á.

Ní Ọjọ́rú mo tún pe Abdulhafeez. Mo ní, "Gbọ́ mi. Mi ò sọ orúkọ ẹ, mi ò sì ní sọ ọ́. Àmọ́ Raheemat ni wọ́n fẹ́ mú wá síbẹ̀. Jímọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ sanwó."

"Raheemat wo?"

"Raheemat Òṣogbo."

Ní gbogbo ọdún Iléyá ni òun àti Abdulhafeez máa ń ríra lórí fóònù wa. Gbogbo àwọn ọmọ tó kù máa ń fi Yorùbá Abdulhafeez rẹ́rìn-ín. Raheemat nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín, á ní, "Tún un sọ, Abdulhafeez, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á." Ọmọ náà ti mọ ohun tí mo fẹ́ kó ṣe.

"Auntie, tí mo bá fi orúkọ mi sí i, Daddy ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Mi ò lè parọ́ fún un, irọ́ tí wọ́n ti pa fún un ti tó. Mo ní, "Òótọ́ ni. Ó ṣeé ṣe kó má bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó ní, "Okay, Auntie. Ó dàárọ̀," lọ́sàn-án gangan, ó pa fóònù. Mo jókòó. Mo mọ ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, inú mi ò dùn sí i rárá. Àmọ́ mi ò pè é padà pé kó fi í sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, a jẹun alẹ́ tán, ọkọ mi ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sórí tábìlì kó lè ka bí wọ́n ṣe ń sanwó náà. Mo ti rí i láti ọ̀sán, mo kàn ń dúró dè é ni. Mo gbé fóònù mi síwájú ẹ̀. Kò tiẹ̀ tíì wò ó tó fi béèrè.

"Ọmọ ta ló kọ eléyìí náà?"

"Ẹ kà á."

Ìràwọ̀ kan ṣoṣo yẹn náà ni. Ọmọ náà ti yọ Anonymous kúrò. Yorùbá ló fi kọ orúkọ sí i, kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí ló ṣe kọ ọ́: Abdulhafeez omo Alhaji Tayewo, Missouri City, ara Osogbo. Ó tún fi nǹkan kan kún un nísàlẹ̀: "Ilé tó wà nínú fọ́tò mi kì í ṣe ilé ìwé wa. Raheemat, má wá."

Ọkọ mi kà á. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.

"Ṣé Alhaji mọ̀?"

"Ó mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Òun ló ní kí ọmọ lọ ya fọ́tò."

Mo wá sọ ohun tó wà nínú mi fún un, torí pé mo ti gbé e sínú láti Mọ́ńdè, ó ti fẹ́ dá mi lọ́gbẹ́. Mo ní, "Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ ní kò ní bàbá yìí, bàbá ẹ̀ lẹ lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀." Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Kò sanwó náà, ní Jímọ̀ tàbí lọ́jọ́ mìíràn.

Raheemat ti wà ní yunifásítì kékeré létí òkun yẹn báyìí. Bọ́ọ̀sì ò tó lóòótọ́. Tísà sì mọ orúkọ ẹ̀ lóòótọ́. Ọkọ mi ò bi mí mọ́ pé ọmọ ta ni BlueMoose.

Ẹnì kan gbé review náà sí WhatsApp àsàlátù. Alhaji pe ọkọ mi, ó ní àwa la kọ́ ọmọ òun láti tú òun síhòòhò láàárín ọjà. Kò sọ pé irọ́ ni ọmọ náà pa o, ẹ gbọ́ mi dáadáa, kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn wa ńkọ́? Ìdílé méjì tí wọ́n ti fẹ́ kó ọmọ lọ síbẹ̀ yí ọkàn padà jẹ́ẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó pe Abdulhafeez láti dúpẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò yẹ kí ọmọ tú àṣírí bàbá ẹ̀, pé ó yẹ kó ní sùúrù, pé àgbà ni Alhaji, ká bo ọ̀rọ̀ náà. Ṣíọ̀! Ẹ̀yin ẹ bò ó. Òun náà ni alága títí dòní.

Mo ní kí Abdulhafeez máa bọ̀ nílé. Ó ní, "Ilé ta, Auntie?" Mo ní ilé mi. Yàrá òkè lọ́dọ̀ wa ló wà báyìí, ó ń lọ sí community college tó kọjú sí Walmart, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ó sì ń ṣe dáadáa. Ilé bàbá ẹ̀ ò jìnnà sí wa, ọ̀nà ibẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ ra mílíìkì. Alhaji ò tíì tẹ aago ilẹ̀kùn wa rí láti ìgbà tí ọmọ náà ti dé. Ó mọ̀ pé ọmọ ti dé.

Sọ́ńdè tó kọjá, a ṣe àdúà tán, Alhaji mú ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ. Ó pe gbogbo wọn. Ó pe Raheemat. Ó ní, "Raheemat, ọmọ àbúrò Làtífù, ní yunifásítì, ní Canada!" Ohùn ẹ̀ lọ sókè níbi Canada, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ tì sí kòtò ló ń fi ṣe fọ́ńté. Ẹni tó fa ọmọ náà jáde, kò pè é. Ó fọwọ́ nu ojú, ó ní ká ṣe fátíà ká túká.

Mo dìde. Ẹ̀yìn làwa obìnrin máa ń jókòó, a kì í sì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Ó ku ẹnì kan." Gbogbo orí yí padà. Ẹnì kan ń fa aṣọ mi, mo já a gbà.

"Abdulhafeez ọmọ Táyéwò! Missouri City! Ó wà ní community college tó kọjú sí Walmart! Kí Ọlọ́run gbé e ga. Ẹ ṣe àmín!"

Àwọn ọkùnrin ń wojú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọkọ mi láti iwájú, ó pariwo, "Àmín!" débi pé ọmọ jòjòló kan bú sẹ́kún, àwọn èèyàn tó kù sì ṣe àmín tẹ̀ lé e. Ẹnu Alhaji ni mò ń wò ní tèmi. Kò là á.

Kò burú. Sọ́ńdè ń bọ̀, màá tún pè é.